Apá Ẹ̀wù Bàbá Dọ́gba

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni tábìlì bílíádì náà wà, nínú yàrá tó ń kó aṣọ sí tẹ́lẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ló kógbá sílé, ó ń ta ẹrù rẹ̀ lọ́pọ̀. Télọ̀ lọ síbẹ̀ láti ra kọ́tìnì, tábìlì ló gbé bọ̀. Aṣọ àwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n Télọ̀ fi abẹ́rẹ́ rán an débi pé bọ́ọ̀lù ń kọjá lórí ojú ọgbẹ́ láìmọ̀ pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, bíríkìlà kan, ló tún ìdúró tábìlì náà ṣe. Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lé e, ó wo omi inú rẹ̀, ó mi orí, ó wá pátákó pẹlẹbẹ há abẹ́ ẹsẹ̀ kan, ó tún wò ó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù títí omi náà fi dúró láàárín gan-an. Bàbá Dọ́gba ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ohunkóhun tó bá ti fojú kàn, àfi kó dọ́gba: ògiri, ìlà, bí wọ́n ṣe to bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ìwà ọmọ ènìyàn.

Eré tí wọ́n ń gbá níbẹ̀, Ṣọ́-Tìrẹ lorúkọ rẹ̀, eré ẹni mẹ́ta ni. Bọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lórí tábìlì, yàtọ̀ sí funfun kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní márùn-ún. Ẹnì kan ló ni oókan dé àrún, ẹnì kejì ló ni ẹ̀fà dé ẹ̀wá, ẹnì kẹta ló ni ìyókù. Tìrẹ kọ́ lo máa gbá wọ ihò o, ti àwọn méjì yòókù ni. Bí o bá gbá tiwọn wọlé, o tún gbá. Bí o bá tàsé, ó di ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ṣẹ́ kù sórí tábìlì nígbà tí ti àwọn yòókù ti tán, òun ló borí.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ní ọgbọ́n tiwọn. Má kọ́kọ́ fi agbára hàn, torí ẹni tó bá yára dára ni àwọn méjì yòókù máa dojú kọ. Fi bọ́ọ̀lù rẹ pamọ́ sẹ́yìn ti ọ̀tá rẹ. Bí ó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó gba ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ kọjá. Bí o bá sì mọ̀ pé o máa tàsé, tàsé níbi tí bọ́ọ̀lù funfun máa lẹ̀ mọ́ etí tábìlì, kí ẹni tó kàn lè máa wá ibi tó máa gbé ọwọ́ lé.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, Bàbá Dọ́gba ló sì gbé e kalẹ̀. Bí ọwọ́ tàbí aṣọ rẹ bá kan bọ́ọ̀lù kankan, ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé ọ̀pá rẹ sókè, wàá ní, "Ọwọ́ mi ni." Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ. Bí o bá ti wí bẹ́ẹ̀, gbígbá rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn méjì yòókù á sì mú bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó ti kú padà wá sórí tábìlì. Àjíǹde ni wọ́n ń pe ìyẹn. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," Bàbá Dọ́gba a máa wí bẹ́ẹ̀, "ṣùgbọ́n nínú yàrá yìí, ìka náà ni yóò gbé ara rẹ̀ wá síwájú ọba."

Òfin yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ọkùnrin ni, ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ mọ orúkọ mìíràn fún un mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń wá ojú iṣan nínú apá ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbá, ìka rẹ̀ kékeré kan bọ́ọ̀lù kan, kò sì wí nǹkan kan. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n lára. Bàbá rẹ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹni tó lè fi bọ́ọ̀lù parọ́, yóò fi oògùn parọ́ fún aláìsàn. Má fọwọ́ kan tábìlì yìí mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì ti ń wá kí ìyá rẹ̀ ní àkókò tó mọ̀ pé bàbá òun wà níbi iṣẹ́. Ìyá náà fara dà á títí, ó wá bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń bu omi ìwẹ̀ fún un: "Ẹ ti fọwọ́ òsì na ọmọ. Ọ̀tún tí wọ́n ní ká fi fà á mọ́ra, ibo lẹ gbé e pamọ́ sí?" Bàbá Dọ́gba gba omi náà, ó lọ wẹ̀. Ó gbàdúrà lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó ní kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà kan tí òun yóò fi rí ọmọ òun láìjẹ́ pé òun lọ bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run a máa gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ẹ́ láti fi apá kejì rẹ̀ han ẹni tó gbà á.

Télọ̀ ni ọ̀nà náà gbà wá. Ẹni kẹta tó máa ń bá wọn gbá rin ìrìn àjò, Télọ̀ sì pe Nọ́ọ̀sì láti rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Bàbá Dọ́gba gbọ́, kò mẹ́nu kan bó ṣe ní kí ọmọ náà má fọwọ́ kan tábìlì mọ́, ó wẹ̀, ó yọ ẹ̀wù funfun alápá gígùn tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn, ó wọ̀ ọ́. Aṣọ iṣẹ́ tí kò lápá ló máa ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ obìnrin, Ìyá Bọ́tìnì, ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, ó ń to bọ́tìnì sára okùn fún títà. Ó gbójú sókè.

"Bàbá Dọ́gba, ẹ̀wù yìí ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń lọ fẹ́ ìyàwó kejì ni?"

"Èyí tí mo ní kò tíì jẹ́ kí n sinmi."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Màá bá yín jíṣẹ́ fún un."

Nọ́ọ̀sì wọlé nígbà náà, àpò iṣẹ́ ní èjìká. Ó tẹrí ba fún àwọn àgbà. "Ẹ káàsán, Bàbá," ló wí fún bàbá rẹ̀, ní ohùn tó fi ń kí ẹbí aláìsàn tí kò mọ̀ rí. Bàbá Dọ́gba ní, "Káàbọ̀ o." Ó fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ó mú ọ̀pá kan lára ògiri, ó ń wò ó bóyá ó tọ́.

"Ó yá, ká gbá a," Télọ̀ wí. "Èmi ni mo ni tábìlì, èmi ni mo kọ́kọ́ ń gbá. Nọ́ọ̀sì tẹ̀lé mi, Dọ́gba gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó lọ ra tiẹ̀."

Eré bẹ̀rẹ̀. Bàbá Dọ́gba ló ni oókan dé àrún, Télọ̀ ni ẹ̀fà dé ẹ̀wá, Nọ́ọ̀sì ló ni ìyókù. Télọ̀ kì í dákẹ́ bó bá ń gbá. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pá rẹ̀ kejì. Bí Nọ́ọ̀sì bá tẹ̀ síwájú, á ní, "Rọra o, aláìsàn ń wò ọ́." Bí Bàbá Dọ́gba bá ń wọn ìlà pẹ̀lú ojú kan, á ní, "Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ni?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n dá ohun tó sọnù padà fún. Lọ́kàn rẹ̀ ló ti ń gbèrò pé, bí òun bá gbá a dáadáa lónìí, tí òun sì borí, òun yóò ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká jọ lọ sílé." Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní lè jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n nà. Ẹni tó borí ló lè wí i bí ẹni tó ń ṣe oore. Ìgbéraga ni, ó kàn wọ ẹ̀wù funfun ni.

Bọ́ọ̀lù ń wọlé, tábìlì ń ṣófo. Nígbà tó di ọwọ́ Bàbá Dọ́gba, Ẹ̀ta nìkan ló kù fún un. Ẹ̀sán nìkan ló kù fún Télọ̀. Nọ́ọ̀sì ní Eéjìlá àti Ẹ́ẹ̀rìnlá. Ẹ̀ta sì wà ní gbangba wálíà níwájú ihò àárín. Ọmọdé tó bá gbá a, yóò wọlé. Télọ̀ ló kàn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Dọ́gba mọ̀ pé bí òun bá fi tàsé, òun ti lọ nìyẹn.

Ẹ́ẹ̀rìnlá wà lọ́hùn-ún, létí ihò igun. Bàbá Dọ́gba tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó na apá òsì, ó gbé ọ̀pá lé ìka. Ibẹ̀ ni apá ẹ̀wù náà ti wọ́ sílẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì kan Ẹ̀ta. Ó mọ̀ ọ́n lára. Bọ́ọ̀lù náà tutù, ó le, ó sì yí lábẹ́ aṣọ. Ó yí jẹ́ẹ́jẹ́, ó lọ dúró sẹ́yìn Eéjìlá, bíi pé ẹnì kan ló lọ fi pamọ́ síbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò gba ọgbọ́n. Kó dìde, kó gbé ọ̀pá sókè, kó wí ọ̀rọ̀ tó ti wí nínú yàrá yìí láìmọye ìgbà, títí kan ìgbà tí kò dá a lójú pé òun kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó dúró díẹ̀. Èémí kan péré ni. Nínú èémí náà ló ti rí ojú ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe rí, tó sì rí ọ̀nà ilé tí òun yóò dá nìkan rìn. Ó bá gbá a. Ẹ́ẹ̀rìnlá wọlé.

Télọ̀, tó ń wo bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú ihò, ó yíjú padà, ó sì gbẹ́nu lé oríkì:

"Dọ́gba, okùn títẹ́ tí kì í wọ́!
Ọ̀rẹ́ bíríkì, ọ̀tá wíwọ́;
Ògiri tó mọ, ìjì fẹ̀yìn tì í, kò yẹ̀;
A-jẹ́wọ́-kí-wọ́n-tó-bi-í,
Òtítọ́ tó gbé ọ̀pá dání, tí ń rìn lọ sójú ihò!"

Ó ti ń kì í bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Oríkì a máa mú orí ọkùnrin wú, a sì máa mú un gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Èyí kò mú orí rẹ̀ wú. Ńṣe ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń bọ́ lé e lórí bíi bíríkì tí ẹni tó wà lókè ń jù sílẹ̀ fún un láìwo ibi tó dúró sí. Ó fẹ́ ní kí Télọ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ni yóò ní ó fà á? Ó tún gbá a, sí Ẹ̀sán, ó tàsé.

Télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kun orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dọ́gba, yẹra o. Ẹ̀ta rẹ ti ń dúró dè mí láti àárọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọn ìlà. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó rìn yí tábìlì ká, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ibí kọ́ ni Ẹ̀ta wà," ló wí pẹ̀lẹ́.

Ó gbójú sókè, ó wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní ibí kọ́ ló wà. Àfi bí tábìlì yìí bá ti tún wọ́."

Okùn bọ́tìnì dúró lọ́wọ́ Ìyá Bọ́tìnì. Láìmọ̀ọ́mọ̀, ojú òun àti àbúrò rẹ̀ yí sí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn irú èyí kàn rí nínú yàrá náà. Ojú Bàbá Dọ́gba náà yí síbẹ̀. Èyí ni kò ní lè ṣàlàyé fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Òun tó mọ ẹni tó ṣe é, ojú òun náà lọ sára ọmọ òun.

Nọ́ọ̀sì wò wọ́n. Ó wo bàbá rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ọwọ́ mi ni," ló wí. "Nígbà tí mo ń mú ṣọ́ọ̀kì."

"Háà, Nọ́ọ̀sì," Télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ bà jẹ́. "Ó dáa. O ti sọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó sì yára wọ inú iṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá. "Òfin lòfin. Àjíǹde." Ó mú Èje jáde nínú ihò, ó gbé e sórí tábìlì. "Dọ́gba, mú tìrẹ."

Bàbá Dọ́gba na ọwọ́ sínú ihò, ó mú Àrún jáde. Bí òfin ti wí, kó gbé e sójú àmì àárín, kí eré máa lọ. Bọ́ọ̀lù méjì á wà fún un. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún ọmọ rẹ̀. Bóyá ni kò ní borí.

Ó di bọ́ọ̀lù náà mú. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú Nọ́ọ̀sì. Ó ti ń retí ìbínú níbẹ̀. Ká ní ó rí ìbínú ni, bóyá ì bá lè gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Kò rí i. Sùúrù ló rí, irú ojú tí nọ́ọ̀sì fi ń wo àgbàlagbà tó tọ̀ sórí ibùsùn: ojú tó ń sọ pé kò sí nǹkan, kí wọ́n fara balẹ̀, òun yóò pààrọ̀ aṣọ náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti rí apá ẹ̀wù náà. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ti rí i.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò tíì dúró rí níbi tí ẹ̀sín ti bá a, tí ikú kò sì sí nítòsí láti sá wọ̀.

"Ọwọ́ mi ni," Bàbá Dọ́gba wí.

"O ní kí ni?" Télọ̀ bi í.

"Èmi ni mo sún un. Apá ẹ̀wù yìí ló kàn án. Mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ yìí kò kan nǹkan kan."

Télọ̀ yíjú sí ibi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pè é níbẹ̀. Ìyá Bọ́tìnì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí ìwọ fi wá gbà á sọ́rùn?"

"Wọ́n ti ń wò mí, Mà," Nọ́ọ̀sì wí. "Mo ti mọ bó ṣe máa ń rí. Ó kàn dà bíi pé kó tètè tán."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá Dọ́gba lára ju èébú lọ. Ó gbé Àrún padà sínú ihò. Ó mú Ẹ̀ta kúrò lẹ́yìn Eéjìlá, ó dá a padà síwájú ihò àárín níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ní gbangba. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀ tì sára ògiri.

"Ẹ gbọ́ mi. Ohun tí mo sọ fún ọmọ yìí lọ́jọ́sí, ara mi ni mo ń wí i fún báyìí. N kò ní fọwọ́ kan tábìlì yìí mọ́."

"Rárá, Bàbá," Nọ́ọ̀sì wí.

"Ó tọ́ sí mi."

"Kò sí nínú òfin. Òfin ní kí n mú bọ́ọ̀lù mi kan jáde. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí." Ó mú Ẹ́ẹ̀rìnlá nínú ihò igun, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ̀yin lẹ fi ìyẹn kún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá lọ. Ẹ mú ọ̀pá yín, kí ẹ dúró, ká gbá a tán."

Bàbá Dọ́gba mú ọ̀pá rẹ̀. Kò tíì sí ẹrù tó gbé rí lórí àkàbà tó wúwo bí igi tín-ín-rín yẹn.

Télọ̀ ló kàn. Ẹ̀ta wà níwájú rẹ̀ bí oúnjẹ lórí àwo, ṣùgbọ́n kò lè gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dojú kọ Eéjìlá, ó gbá a gba ọ̀nà tí kò lè wọlé, ó ní, "Ọwọ́ mi ti di arúgbó." Irọ́ ni, gbogbo wọn mọ̀. Àánú náà tún ti Bàbá Dọ́gba lójú lọ́nà tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò ṣàánú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọn ìlà, ó sì gbá Ẹ̀ta wọ ihò láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ti jáde nínú eré, ó sì ní láti dúró nítòsí tábìlì títí yóò fi parí, nítorí bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, yóò jíǹde. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ó dúró, ó ń wo bí àwọn méjì náà ti ń gbá a. Ó rí i bí Nọ́ọ̀sì ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kó tó tẹ̀ síwájú, bó ti ń wo abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbá a. Bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ọjọ́ tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rù náà wọ̀ ọ́ lára. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀, kò sì lójú láti bi í.

Télọ̀ ló borí níkẹyìn. Kò fọ́nnu.

Nọ́ọ̀sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, iṣẹ́ ń dúró dè é. Bàbá Dọ́gba tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ohun tí mo sọ nípa oògùn," ló wí. "Nípa aláìsàn."

"Bàbá."

"Jẹ́ kí n wí i. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Kódà ká ní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ń fi àtàńpàkò pa ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ìka rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá."

"Ṣé wàá wá sílé?"

"Ẹ sọ ọ́ fún Màmá fúnra yín," Nọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo ẹ̀, bó ṣe rí. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó rojọ́ yín, n kò sì fẹ́ wá jókòó síbẹ̀ kí n máa ràn yín lọ́wọ́ láti pa á mọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, tí wọ́n ní kí n wá, màá wá." Ó tẹrí ba, ó sì lọ.

Télọ̀ ní kí Bàbá Dọ́gba jókòó díẹ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó kọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, ọ̀rẹ́ òun yóò tù òun nínú, bí wọ́n bá sì tù òun nínú tán, ọ̀rọ̀ náà yóò ti yí padà kó tó dé ilé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dúró de ìtùnú kó tó máa yí padà. Ní ìkóríta, ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn: *Ẹ̀wù yìí ló gùn jù.* Ó pa á rẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìtajà ìwé, ó tún bẹ̀rẹ̀: *Télọ̀ ló ń pariwo, n kò ráyè ronú.* Ó dúró lójú títì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. Ìtìjú mú un ju ti inú yàrá lọ, nítorí níhìn-ín kò sí ẹni tó ń wò ó, síbẹ̀ ó ṣì ń wá ibi tí yóò fi Ẹ̀ta pamọ́ sí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀, kò rí ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ tún lé e ni?"

"Jókòó," ló wí. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. "Mo hùwà èké sí ọmọ wa lónìí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì ń tún un ṣe kó lè dùn ún gbọ́, dá mi dúró."